Ilé Bímbọ́lá Tí O Gbà Sìn Bí Ewúrẹ́

Yàrá ìsàlẹ̀, ilé Bímbọ́lá,
Abúlé Hazel Crest.

Kàfáyàtù, Àrìnkẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé. O kú òtútù, o kú iṣẹ́ òru, o kú wàhálà ọ̀nà Joliet. Ṣé ara rẹ le? Ṣé mọ́tò rẹ tó ń wúkọ́ ti gbádùn? Ọlọ́run Ọba tó dá yìnyín, tí kò sì dá a sí Kúta ìlú wa nítorí pé Ó fẹ́ràn wa, Òun ni yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí rẹ̀. O ò ní yọ̀ ṣubú. Aláìsàn kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní ọsibítù, èyí tó bá sì jẹ́ dandan kó kú, kó ní sùúrù di ìgbà tí nọ́ọ̀sì mìíràn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Chicago tí o wà kò jìnnà síbí. Ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́ tí mo sì dárúkọ Bímbọ́lá, wàá ní, Màámi, iná fóònù mi ti fẹ́ẹ́ tán. Mi ò rí irú fóònù tí iná rẹ̀ ń bẹ̀rù orúkọ ènìyàn rí. Lẹ́tà dára jù, kò sí ibi tí o fẹ́ tẹ̀ lára rẹ̀ tí yóò fi dákẹ́.

Ara mi le, àfi orókún yìí náà ni. Aago ẹnu ọ̀nà tó ní ojú, èyí tí o sọ pé ó máa ń fi ẹni tó bá dé hàn ọ́ níbi iṣẹ́, mo ti ń dúró níwájú rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà láti kí ọ. Mo máa ń ṣàdúrà fún ọ níbẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń gbé orókún mi sókè kí o lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wú sí i. O ò dá mi lóhùn rí. Mi ò bínú, mo kàn rò pé ọ̀gá rẹ wà nítòsí ni.

Abúlé yìí náà ń yà mí lẹ́nu. Daud, ayálégbé tó ń gbé lókè pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ló ka pátákó ẹ̀gbẹ́ títì fún mi pé abúlé ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Mo ní tó bá jẹ́ abúlé, a jẹ́ pé ó yẹ kí n lọ kí baálẹ̀, n kò lè máa gbé ilẹ̀ onílẹ̀ kí n má yọjú. Chicago ni wọ́n bí Daud sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí kò wú, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni, ó fi mọ́tò gbé mi lọ. Obìnrin kan ló pàdé wa nínú ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú orókún mi tó ń dùn mí, mo gbé ẹ̀pà tí mo fọwọ́ ara mi yan fún un. Ó yọ̀, ó sì fún mi ní ìwé tó ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí nínú. Mo mọ̀ pé ìyàwó baálẹ̀ ni. Mo ti lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Ohun tí kò yé mi ni pé irú abúlé wo ni kò ní ewúrẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo? Nígbà ooru, gbogbo wọn ń gé koríko ní Sátidé, koríko tútù yọ̀yọ̀, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á kó o fún ọkọ̀ ìdọ̀tí. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Daud tún sọ fún mi pé kí o tó gba òun sílé, o ní kí báńkì fún òun ní máàkì lórí bí òun ṣe ń san gbèsè, òun sì gbà ju ẹgbẹ̀rin lọ. Mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé ìwọ tí o gba òdo nínú ìṣirò ní Kúta lo wá di ẹni tó ń wo máàkì ọmọ ọlọ́mọ.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi jókòó kọ̀wé. Nígbà tí iṣẹ́ gbé Bímbọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí Houston, tó ní kí o bá òun máa mójú tó ilé yìí, kí o máa gba owó ilé, kí o máa pe àwọn tó ń tún nǹkan ṣe, ó bi ọ́ pé èló ni kí òun máa fún ọ. Ìwọ wá dá a lóhùn pé ohun tó bá ti ọkàn rẹ̀ wá. Àrìnkẹ́, ta ló ní kí o gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàálù? Ní Kúta, tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, ó mọ iye tó yẹ kí ọkàn òun wí, tí ọkàn náà ò bá sì tètè sọ̀rọ̀, àwọn àgbà á lọ bá a sọ ọ́. Ta ló fẹ́ lọ bá ọkàn Bímbọ́lá sọ̀rọ̀ ní Houston? Ọkàn náà wá fi àbẹ́là olóòórùn dídùn ránṣẹ́ sí ọ nígbà Kérésì. Àbẹ́là! Sí ọmọ mùsùlùmí, nínú ìlú tí iná kì í lọ. Mo tan ọ̀kan níbí, ó ń ta sánsán bí kọ́sítáàdì, ebi kàn ń pa mí lásán ni.

O ò sọ nǹkan kan fún un. Èmi lò ń sọ ọ́ fún. Tí nǹkan bá dí ní ilé ìyàgbẹ́ òkè, wàá ti Joliet wá tààrà lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ojú rẹ á pọ́n, wàá gbé garawa gòkè. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀, wàá jókòó sí kíṣìnnì mi, màá bu ọbẹ̀ fún ọ, wàá sì bẹ̀rẹ̀ pé Bímbọ́lá ń rí ọ jẹ, òun ń kó owó, ìwọ ń kó ìgbẹ́. Tó bá pè ọ́, wàá kàn máa wo fóònù náà títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan o ní tí ilé yìí bá ti lè bọ́ lọ́rùn rẹ, ìwọ àti òun parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé ìlú yìí tí o ò mọ ẹnì kan, ọmọ yẹn ló gbà ọ́ sí yàrá rẹ̀ ní Homewood. Ìwọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, òun sùn sílẹ̀. Kóòtù kan ṣoṣo lẹ jọ ń wọ̀, ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé á bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó ń jáde. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Mi ò ní jókòó síbí kí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lójú mi nítorí pé àgbàlagbà méjì ń tijú láti dárúkọ iye owó.

Mo bá pè é. Mo lo fóònù tó máa ń fi ojú ẹni hàn. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní, Màmá, òun ò rí ojú mi o, àjà ilé nìkan lòun ń rí. Mo ní kó wò ó dáadáa, òun ló ni ín.

Mo sọ fún un pé owó iṣẹ́ ọmọ mi ni mo bá wá, kì í ṣe ti ìjà, bí a ti ń ṣe é nílé wa ni mo fẹ́ kí a ṣe é. Mo ní ewúrẹ́ ló gbé fún ọ sìn. Ìwọ mọ òfin rẹ̀, ẹ̀yìn ewúrẹ́ mi lo dàgbà sí, ṣùgbọ́n inú ilé alájà ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ Bímbọ́lá, mo ní láti là á yé e. Mo ní tí mo bá fún ọ ní abo ewúrẹ́ kí o bá mi sìn ín, ìwọ lo máa so ó, ìwọ lo máa já ewé fún un, tó bá wọ oko ẹlòmíràn, ilé rẹ ni wọ́n máa wá jà sí. Tó bá bímọ, àkọ́bí tèmi, èkejì tìrẹ, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa pín in lọ. Tó bá ń ṣàìsàn, o gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó dúńbú rẹ̀. Tó bá kú, wàá gbé awọ rẹ̀ wá kí n fojú rí i, kí n má bàa rò pé o ti sè é jẹ. Mo ní ilé tirẹ̀ yìí, oṣooṣù ló ń bímọ, nítorí náà kí owó ilé oṣù kan jẹ́ tirẹ̀, kí ti oṣù kejì jẹ́ tìrẹ.

Bímbọ́lá rẹ́rìn-ín títí, ó wá rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun gan-an níbí, ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kí a pa ewúrẹ́, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí ẹni tó sìn ín mú ẹyọ kan? Ìyẹn ò ju etí àti ìrù lọ. Mo sì ní kó má gbàgbé owó tèmi náà, èmi tí mò ń ṣọ́ ilé fún un tọ̀sán tòru, tí mo fi ìgbálẹ̀ lé ọkùnrin tó ní òun wá ka mítà dé ojú títì. Mẹ́gáàdì wo ló ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ òtítọ́. Ó ní ilé náà kì í ṣe tòun tán. Báńkì ló san owó rẹ̀, òun ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, yóò sì gba òun tó ọgbọ̀n ọdún. Tí báńkì bá ti mú tirẹ̀, tí ìjọba náà mú tirẹ̀, kò sí nǹkan gidi tó kù nínú owó Daud, oṣù mìíràn wà tí òun ń fi owó oṣù òun kún un. Orí mi fò lọ. Àṣé ọmọ yìí náà gbà á sìn ni! Báńkì ló ni ewúrẹ́. Báńkì tí kò yọjú wò ó rí, tí kò mọ̀ bóyá dúdú ni tàbí funfun, òun ló ń kó gbogbo ọmọ rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà báńkì náà kí n bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà sí àgbà. Ó ní kò sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gbé fóònù, á ní kí ènìyàn tẹ ení, kó tẹ èjì. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí.

Mo wá bi í pé kí ló dé tó fi àbẹ́là ránṣẹ́ nígbà náà. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún. Ó ní kó tó di ìgbà náà, òun ti bi ọ́ pé ṣé kí òun máa fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, o sì fèsì pé ṣé ó fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Bóyá ẹ̀fẹ̀ lò ń ṣe, ìwọ lo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù owó ti ń bà á lọ́dọ̀ rẹ, ó wá lọ ra ohun tí kò jọ owó rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọmọ ewúrẹ́ kejì, mo ní kí n rò ó wò.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti kú nínú òtútù ńlá yẹn. Ìwọ wà níbi iṣẹ́, fóònù rẹ kò lọ. Daud àti ìyàwó rẹ̀ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, wọ́n ní òkè ti di fírísà. Mo pe ọkùnrin tí o lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ fíríìjì. Nígbà tó fẹ́ẹ́ máa tú ẹ̀rọ náà, mo ní kó dúró, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí olówó rẹ̀ tó gbọ́. Mo pe Bímbọ́lá, Daud ń túmọ̀, ọkùnrin náà sọ àìsàn tó ń ṣe é àti iye tó máa gbà. Bímbọ́lá gbà, ó sì sanwó láìkùn. Ọkùnrin náà gbé tuntun síbẹ̀, ó wá fẹ́ gbé òkú ẹ̀rọ náà lọ, mo dì í mú. Mo ní awọ kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ó wo Daud, Daud wo òkè. Ó ti wà nínú ibi ìwẹ̀ mi báyìí, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bímbọ́lá ní àwòrán rẹ̀ ti tó, mo ní àwòrán awọ kì í ṣe awọ, kí o bá mi fi ránṣẹ́ sí i.

Ṣé o rí i? Nítorí pé a pe olówó ẹran kí a tó mú ọ̀bẹ, kò sí ẹni tó bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọkàn wa balẹ̀, ni a bá fi ẹnu kò lọ́jọ́ náà. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù nínú ohun tí Daud bá san, ilé ì báà jò tàbí kó má jò. Tí o bá ní láti wá fúnra rẹ, owó epo mọ́tò àti wàhálà rẹ yàtọ̀. Tí Daud bá kó jáde tí o bá a wá ẹlòmíràn, ìdajì owó ilé oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ tìrẹ. Tí nǹkan bá bàjẹ́ tí àtúnṣe rẹ̀ máa pọ̀, wàá sọ fún un kí o tó ná kọ́bọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ pè ọ́ nípa ilé nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Etí àti ìrù náà ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n etí àti ìrù tí wọ́n dárúkọ fún ènìyàn sàn ju odindi ewúrẹ́ tó wà nínú ọkàn lọ.

Mo wá ní ó ku owó mẹ́gáàdì mi.

Ó ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ní n kò fi í sílẹ̀. Ó ní òun bẹ̀ mí. Mo ní kó sọ ọ́. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kí n tó dé, ọkùnrin kan ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là ló ń san lóṣooṣù. Nígbà tó kó jáde, ìwọ ń wá ibi tí o máa fi ìyá rẹ sí, nítorí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tìrẹ wà ní Chicago, orókún mi kò sì lè gùn ún. Bímbọ́lá ní kí Màmá máa gbé ìsàlẹ̀. O ní o ṣeun. Ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Àrìnkẹ́, mo fi ìka ọwọ́ ṣírò rẹ̀, ìka ọwọ́ tán, mo bọ́ sí ti ẹsẹ̀. Ìdá mẹ́wàá rẹ kò sún mọ́ ọn rárá. Èmi ni mo ń jẹ owó iṣẹ́ rẹ! Gbogbo ìgbà tí o jókòó sí kíṣìnnì mi tí ò ń sọ pé Bímbọ́lá ń rí ọ jẹ, inú kíṣìnnì rẹ̀ lo jókòó sí, èmi ìyá rẹ sì ń bu ọbẹ̀ fún ọ kí o lè rí okun sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mo pa fóònù, mo sì tún pè é padà láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyá òun náà ni mí. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ní mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ fún ọ ló tọ́ fún òun náà. Mo ní màá máa sanwó. Ó kọ̀ jálẹ̀, mo kọ̀ ju tirẹ̀ lọ, a wá fi í sí ìdajì. Nítorí náà, ọmọ mi, mo nílò owó. Jọ̀ọ́, fi owó ilé mi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó parí. Tí mo bá gbà á, màá san án fún ọ, torí ìwọ ni agbowó-ilé. Wàá yọ ìdá mẹ́wàá rẹ, wàá fi ìyókù ránṣẹ́ sí Bímbọ́lá, òun náà á gbé e fún báńkì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, gbogbo wa la ó jèrè níbẹ̀. Tí mo bá pẹ́ san, má fojú ìyá wò mí, àmọ́ má lẹ irú ìwé ìkìlọ̀ owó ilé tí o lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Daud nígbà yẹn mọ́ tèmi, kí ìyàwó baálẹ̀ má bàa rí i. Fi owó òróró orókún kún un, kí o sì fi ti ewúrẹ́ kan kún un. Daud ní òfin abúlé kò gbà á, ṣùgbọ́n mo ṣì ní ẹ̀pà.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún mi. Iṣẹ́ òru kò ní gba ojú rẹ. Ọkọ rere tí kò ní máa bi ọ́ ní máàkì báńkì, yóò wá ọ rí. Owó tí wọ́n bá dárúkọ fún ọ, yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí a ti parí gbogbo rẹ̀, mo ní kí Bímbọ́lá sọ èyí tí òun náà fẹ́. Ó ní kí o pe òun. Mo ní lórí ọ̀rọ̀ ilé? Ó ní rárá. Ó ní òun ti lóyún, ẹ̀rù sì ń ba òun nítorí èyí àkọ́kọ́ kò dúró, yàtọ̀ sí ọkọ òun, ìwọ nìkan ni òun fẹ́ sọ ọ́ fún. Gbogbo ìgbà tí fóònù yẹn ń dún tí ò ń wò ó, ìyẹn ló fẹ́ sọ. Pe é lónìí, Kàfáyàtù. Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ, nítorí náà tó bá sọ ọ́ fún ọ, pariwo bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Salihat,
ayálégbé ìsàlẹ̀.